Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ọ̀rọ̀ Lórí Bí A Ti So Ohun Amáyédẹrùn Ìlú Pọ̀

(Àsọyé tí a sọ níwájú ìpàdé oṣooṣù Ẹgbẹ́)

 

Àwọn àgbà ní, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí ni mo fi ṣe orí ọ̀rọ̀ mi, nítorí mo gbà pé nínú ọ̀rọ̀ márùn-ún péré yìí ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ kan wà tí àwọn ọ̀mọ̀wé ayé ti fi nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún wá ìdí rẹ̀. Tọpọ́lọ́jì ni àwọn Òyìnbó ń pe ẹ̀kọ́ náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ náà dẹ́rù bà yín. Ní ti ọ̀ràn tí mo mú wá lónìí, ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju èyí lọ: ìmọ̀ nípa bí ohun kan ti so mọ́ ohun kejì, láìka bí wọ́n ti jìnnà sí ara wọn tó, tàbí bí wọ́n ti tóbi tó. Ẹni tí ó bá wo àwọ̀n apẹja yóò rí ohun méjì nínú rẹ̀: òwú, àti kókó tí a ta sí ibi tí òwú ti pàdé òwú. Ẹ ká àwọ̀n náà jọ sínú agbọ̀n, ẹ nà án sórí yanrìn, ẹ jù ú sínú omi. Ìrísí rẹ̀ yí padà ní ìgbà mẹ́ta, ṣùgbọ́n kókó tí ó so mọ́ kókó kò yí padà. Ohun tí kò yí padà yìí ni ẹ̀kọ́ náà ń wá.

Kí ni ó kàn wá nínú rẹ̀? Iná mànàmáná, omi ẹ̀rọ, títì, ọ̀nà ojú irin, tẹlifóònù, àwọn ohun tí ìlú òde òní kò lè ṣe aláìní, àwọ̀n ni gbogbo wọn. Nígbà tí iná bá kú, ohun tí à ń béèrè ni pé, “Ta ni ó bà á jẹ́?” Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó béèrè pé, “Báwo ni a ti so ó pọ̀, tí ìbàjẹ́ ibì kan fi di òkùnkùn gbogbo ìlú?” Ìbéèrè kejì yìí ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò.

AFÁRÁ MÉJE

Ìlú kan wà ní ilẹ̀ Prussia nígbà àtijọ́ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Königsberg. Kaliningrad ni a ń pè é nísinsìnyí, ó sì wà lábẹ́ ìjọba Rọ́ṣíà. Odò Pregel ni ó la ìlú náà kọjá, ó sì pín in sí ilẹ̀ mẹ́rin: bèbè ọ̀tún, bèbè òsì, erékùṣù kan láàárín odò, àti ilẹ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀ka odò méjèèjì. Afárá méje ni ó so àwọn ilẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Ìbéèrè kan sì wà lẹ́nu àwọn ará ìlú: ǹjẹ́ ènìyàn lè rìn yí ìlú náà ká, kí ó gba orí afárá kọ̀ọ̀kan kọjá ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, láìtún gba orí èyíkéyìí padà? Kò sí ẹni tí ó rí i ṣe.

Ní ọdún 1736 ni ọ̀mọ̀wé kan, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, Leonhard Euler, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní St. Petersburg nígbà náà, kọ ìwé lórí ọ̀ràn yìí. Kò wọn gígùn afárá kankan, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè bí odò náà ti fẹ̀ tó. Kíkà ni ó kà. Ó ní: bí ènìyàn bá gba orí afárá kan wọ ilẹ̀ kan, orí òmíràn ni yóò gbà jáde, nítorí náà afárá tí ó kan ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣeé pín ní méjì-méjì, àfi ilẹ̀ tí a ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn àti èyí tí a parí rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ní Königsberg, afárá márùn-ún ni ó kan erékùṣù, mẹ́ta-mẹ́ta sì ni ó kan ilẹ̀ mẹ́ta yòókù. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí iye afárá rẹ̀ ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Nítorí náà ìrìn náà kò ṣeé rìn. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ àwọn ará ìlú kò yá. Bí a ti so ìlú náà pọ̀ ni kò gbà á. Níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ní 1847 ni Johann Listing, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, tó fi orúkọ náà sórí ìwé.

Ní 1933 ẹ̀wẹ̀, a tẹ àwòrán ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ́nù tí Harry Beck yà. Àwòrán náà kò fi bí ibùdó kan ti jìnnà sí èkejì hàn ní òótọ́, síbẹ̀ tọwọ́-tẹsẹ̀ ni àwọn èrò fi gbà á. Ohun tí èrò ọkọ̀ fẹ́ mọ̀ ni ibùdó tí ó tẹ̀lé ibùdó, àti ibi tí yóò ti bọ́ sílẹ̀ wọ ọkọ̀ mìíràn. Èyí nìkan ni Beck fi hàn wọ́n, ó sì tó.

Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa fi Èkó ṣe irú iṣẹ́ yìí. Kí wọ́n fi kókó kan dúró fún Erékùṣù Èkó, kí wọ́n fi kókó kejì dúró fún ilẹ̀ òdìkejì ọ̀sà, kí wọ́n sì ya okùn láàárín wọn. Ní 1901 ni a parí Afárá Carter àkọ́kọ́, tí ó so Erékùṣù mọ́ Ìddó. Fún ohun tí ó ju ọgọ́ta ọdún lọ, okùn kan ṣoṣo ni ọmọ náà ìbá yà. Lẹ́yìn èyí ni Afárá Èkó dé, a sì parí Afárá Third Mainland ní 1990. Okùn di mẹ́ta. Nítorí náà, nígbà tí a ń ti apá kan Afárá Third Mainland fún àtúnṣe láti oṣù keje 2020 títí wọ oṣù kejì 2021, ìyà jẹ àwọn onímọ́tò lóòótọ́, ṣùgbọ́n Erékùṣù kò ya kúrò lára ilẹ̀. Ẹ fi ọkàn yàwòrán ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ bí irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí ìgbà tí afárá jẹ́ ẹyọ kan.

Ọ̀NÀ OǸDÓ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọgbọ́n ilẹ̀ Òyìnbó nìkan ni èyí. Àwọn baba wa fi ẹ̀jẹ̀ kọ́ ọ. Kì í ṣe láti tú ìjà àtijọ́ ni mo ṣe fẹ́ dárúkọ rẹ̀, nítorí ọmọ Ẹ̀gbá wà níhìn-ín, ọmọ Ìjẹ̀bú wà níhìn-ín, ọmọ Ìbàdàn àti ọmọ Èkìtì wà níhìn-ín, ọmọ ìyá kan sì ni wá. Ṣùgbọ́n bí a kò bá mú ẹ̀kọ́ jáde nínú ogun náà, a jẹ́ pé lásán ni àwọn baba wa jìyà rẹ̀.

Ìbàdàn jìnnà sí òkun. Iyọ̀, ìbọn àti ẹ̀tù tí ó wá láti Èkó kò lè dé ibẹ̀ àfi bí ó bá gba ilẹ̀ ẹlòmíràn kọjá. Ọ̀nà pàtàkì méjì ni ó wà, ti Abẹ́òkúta àti ti Ìjẹ̀bú. Ní 1872, nígbà tí Glover jẹ́ olórí ìjọba ní Èkó, a la ọ̀nà kẹta, èyí tí ó gba orí ọ̀sà lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, tí ó gba Oǹdó àti Òkè-Igbó kọjá sí Ifẹ̀ kí ó tó yà sí Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà yìí yóò rẹ́rìn-ín, nítorí ńṣe ni ó yípo bí ẹni tí ń sá fún gbèsè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka kókó àti okùn kò ní rẹ́rìn-ín.

Ní 1877 ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú sì dara pọ̀ mọ́ Ẹ̀gbá, ọ̀nà méjèèjì tí ó kúrú sì dí. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni Èkìtì Parapọ̀ dìde, a sì wọ ogun Kírìjì, èyí tí a kò fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ títí di 1886, tí àwọn ọmọ ogun kò sì tú àgọ́ ká títí di 1893. Nígbà tí ọ̀nà kúkúrú dí, ọ̀nà Oǹdó tí ó jìn yìí ni Ìbàdàn gbójú lé láti máa bá Èkó ṣòwò. Nígbà tí ọ̀ràn ogun sì wá kan Ifẹ̀ pàápàá, ìnira náà di ìlọ́po. Ní ọjọ́ àlàáfíà, ta ni yóò fi ọ̀nà tààrà sílẹ̀ kí ó máa gba Oǹdó lọ? Ṣùgbọ́n a kì í mọ iye okùn kejì títí okùn kìn-ín-ní yóò fi já. Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn tí ń ka ìnáwó ìlú fi sí ọkàn, nítorí nígbàkúùgbà tí a bá ń wá ohun tí a ó yọ kúrò nínú ìnáwó, okùn kejì ni ojú wọn máa ń kọ́kọ́ bà lé.

IGI, ÒRÙKA ÀTI ÀWỌ̀N

Bí a bá wo àwọn ohun tí ń sìn wá, ìrísí mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni igi: orísun kan dà bí gbòǹgbò, ẹ̀ka ńlá yọ lára rẹ̀, ẹ̀ka kékeré yọ lára ńlá, kò sì sí ibi tí ẹ̀ka ti tún pàdé ẹ̀ka. Báyìí ni iná ṣe ń wọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú àti àdúgbò wa. Èkejì ni òrùka, tí okùn tí ó jáde láti ibì kan tún yí padà wá síbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àwọ̀n tòótọ́, tí ó fi jẹ́ pé láti kókó kan sí òmíràn, ọ̀nà pọ̀ ju méjì lọ.

Ẹ jẹ́ kí ìlú jẹ́ mẹ́wàá. Láti so wọ́n pọ̀ bí igi, okùn 9 tó. Kò sì sí bí a ti lè ṣe é tí yóò fi dín sí i. Ìdí nìyí tí ẹni tí ń ṣọ́ owó fi fẹ́ràn igi. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú okùn 9 náà tí ó lè já kí ìlú kan, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, má ya kúrò lára àwọn yòókù. Ẹ wá to ìlú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ní ọ̀wọ́, kí ẹ fi okùn kẹwàá so ti ìkẹyìn padà mọ́ ti ìṣáájú. Òrùka ni ó dà yẹn. Èyíkéyìí nínú okùn 10 náà lè já, ìlú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yóò ṣì wà papọ̀. Okùn kan péré ni a fi kún un, ó sì mú ewu kúrò lórí okùn mẹ́sàn-án. Mo ti kọ́ni ní ìṣirò fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò sì rí ìṣirò mìíràn tí èrè rẹ̀ tó báyìí.

Ní ibì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wáyà kan ṣoṣo ni ó ń gbé iná wọ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ní àkókò òjò ọdún kan, ọ̀pẹ kan wó lù ú nínú igbó. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni a fi wà nínú òkùnkùn. Ẹ̀rọ tí ń fa omi kò ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ sì ń lọ pọn omi ní odò kí wọ́n tó wá jókòó ti ìwé ìdánwò. Ní ẹ̀yìn odi wa, kò tó ibùsọ̀ kan, iná ń tàn ní àdúgbò kejì láti ara wáyà mìíràn. Lálaalẹ́ ni a ń rí ìmọ́lẹ̀ wọn. Kò sí ẹnì kan nínú wa, èmi náà pẹ̀lú, tí ó ti rò ó rí pé a lè so méjèèjì pọ̀.

KÓKÓ TÍ Ó WÀ NÍ ÒṢOGBO

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí àwọ̀n iná tí ó tóbi jù lọ ní Nàìjíríà, èyí tí agbára wáyà rẹ̀ jẹ́ fóòtì 330,000. Ní 1969 ni a ṣí ilé-iṣẹ́ iná Kainji lórí Odò Ọya. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a kọ́ ti Jẹ́bà àti ti Shiroro. Láti Jẹ́bà ni wáyà ti ń bọ̀ wá sí Òṣogbo, láti Òṣogbo ni ó ti ń lọ sí Ìbàdàn, sí Ìkẹjà, àti sí Benin. Ní Òṣogbo náà ni ibùdó ìṣàkóso gbogbo àwọ̀n náà wà, níbi tí àwọn ẹnjiníà ti ń ṣọ́ iná gbogbo orílẹ̀-èdè tọ̀sán-tòru. Òṣogbo tí àwọn baba wa mọ̀ sí ìlú aró, ìlú Ọ̀ṣun, ti di kókó pàtàkì kan nínú àwọ̀n tí ó kan Kánò àti Port Harcourt. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọ̀n yìí kì í ṣe igi pátápátá, kì í sì í ṣe àwọ̀n tòótọ́ pátápátá. Ní ìhà gúúsù, òrùka wà nínú rẹ̀. Ní ìhà àríwá, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Maiduguri wà ní ìpẹ̀kun okùn kan tí ó gùn gan-an, tí ó gba Damaturu kọjá. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ba òpó irin wáyà náà jẹ́, ìlú ńlá náà sì wà nínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kì í ṣe pé iná kò sí ní Nàìjíríà; ọ̀nà tí yóò gbà dé ọ̀dọ̀ wọn ni kò sí.

Ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ wà nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Okùn ńlá méjì ni ó gbé iná lọ sí apá àríwá: ọ̀kan láti Shiroro sí Kaduna, èkejì láti ìhà Enugu gba Makurdi lọ sí Jos. Ẹni tí ó bá ka okùn lásán yóò ní ọkàn òun balẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ba ti Shiroro jẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ kò sì lè débẹ̀ ṣe é nítorí àwọn ajínigbé àti apànìyàn tí ń bẹ ní agbègbè náà. Gbogbo ẹrù wá bọ́ sórí okùn kejì. Nígbà tí òun náà sì ṣubú, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ òkè ọya wọ òkùnkùn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ó lé, ilé ìwòsàn àti ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú wọn. Nítorí náà, bí okùn kan bá já nínú méjì, kí a má ṣe wí pé ọ̀kan ṣì kù, kí a sì lọ sùn. Ní wákàtí náà gan-an ni a ti padà di aláìní okùn kejì.

EWU TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÌSOPỌ̀

Ẹnìkan lè dìde kí ó wí pé, “Olùkọ́, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a so gbogbo rẹ̀ mọ́ gbogbo rẹ̀, ó parí.” Rárá o. Ìsopọ̀ ní ewu tirẹ̀. Nígbà tí koríko ni a fi ń bo ilé, ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé agbolé tí ó fẹnu ko agbolé a máa gba iná lọ́wọ́ ara wọn, débi pé iná tí ó ṣẹ́ láti ìdí ààrò obìnrin kan lè jó odidi àdúgbò. Okùn tí ó ń gbé oore kiri náà ni ó ń gbé àjálù kiri.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ọdún 2003, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn wáyà iná kan kan igi tí a kò gé. Ẹ̀rọ tí ìbá ta àwọn tí ń ṣọ́ iná lólobó kò dún. Ẹrù wáyà tí ó bọ́ sílẹ̀ ṣí lọ sórí òmíràn, ó wọ ìyẹn lọ́rùn, òun náà bọ́, ẹrù tún ṣí síwájú, títí tí nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà mẹ́jọ àti ní Ontario ní ilẹ̀ Kánádà fi wà láìní iná. Ilẹ̀ wọn kò ṣaláìní okùn. Okùn wọn pọ̀ ju tiwa lọ lọ́pọ̀lọpọ̀.

Bákan náà ni ọ̀ràn ṣíṣubú àwọ̀n iná tiwa, èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ju ìgbà mẹ́wàá lọ ní ọdún 2024 nìkan. Iná náà ń lù bí ìlù, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, gbogbo ilé-iṣẹ́ iná tí ó wà lórí àwọ̀n sì gbọ́dọ̀ máa jó sí ìlù kan náà. Bí ilé-iṣẹ́ ńlá kan, irú ti Egbin lẹ́bàá Ìkòròdú tí a kọ́ láti pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320, bá ṣàdédé bọ́ sílẹ̀, ìlù náà a fà. Bí kò bá sí agbára ìpamọ́ tí yóò tètè gbé e ró, àwọn yòókù a máa já ara wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ̀rọ wọn má bàa bàjẹ́, agbada òkùnkùn a sì bo gbogbo orílẹ̀-èdè. Nítorí èyí, àwọ̀n tí ó dára gbọ́dọ̀ ní ìlẹ̀kùn: ibi tí a lè ti já a sọ́tọ̀ ní wéré, kí apá tí ó yè má bàa bá apá tí ó ń kú lọ.

Ewu kan tún wà tí ó fara sin. Okùn lè jẹ́ méjì ní orúkọ kí ó jẹ́ ọ̀kan ní ìṣe. Wáyà méjì tí ó wà lórí òpó kan náà, okùn kan ni níwájú ìjì àti níwájú olè. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin tí ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní ọjọ́ kan náà nítòsí Abidjan. Orúkọ mẹ́rin ni wọ́n ń jẹ́, olówó wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ abẹ́ òkun kan náà ni wọ́n jọ sùn sí. Báńkì dúró, ìpè kò wọlé, òwò dákẹ́. Okùn Equiano, tí ó gúnlẹ̀ sí Lomé àti Èkó ní 2022, kò já ní tirẹ̀, a sì darí iṣẹ́ púpọ̀ gba orí rẹ̀. Òun ni ó jẹ́ ọ̀nà Oǹdó fún wa ní ọjọ́ náà.

OHUN TÍ Ó KÙ FÚN WA LÁTI ṢE

Ẹ̀yin ìjòyè, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnjiníà nìkan mọ́. Òfin Iná Mànàmáná ti ọdún 2023 fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àṣẹ láti pèsè iná, láti gbé e kiri, àti láti tà á láàárín ààlà tirẹ̀. Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́, Èkó àti Ògùn wà lára àwọn tí ó ti gba àkóso náà sí ọwọ́ ara wọn. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé bí a bá fi ìgbéraga kọ́ igi kékeré márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí ìkọ̀ọ̀kan dá dúró tí kò sì bá èkejì ṣe, a ó kàn pààrọ̀ òkùnkùn ńlá fún òkùnkùn kéékèèké ni. Igi ganganran má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Nísinsìnyí tí a kò tí ì gbé ọ̀pọ̀ òpó nàró ni ó yẹ kí a wí i.

Ìmọ̀ràn mẹ́rin ni mo ní. Èkíní, kí ìlú kọ̀ọ̀kan ya àwòrán ara rẹ̀ ní kókó àti okùn: ibi tí iná ti ń wọlé, tiransifọ́mà kọ̀ọ̀kan, ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ omi, ọjà, ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga lè yà á láàárín ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà kí àgbà kan fi ìka bo okùn kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì béèrè pé, “Bí èyí bá já ní alẹ́ yìí, ta ni yóò wà nínú òkùnkùn?” Okùn tí ìdáhùn rẹ̀ bá wúwo jù ni kí a kọ́kọ́ wá ẹnìkejì fún. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àdúgbò ni ó ń dáwó ra tiransifọ́mà, tí a sì ń fi ìlù àti ijó gbà á. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó dáwó, ẹ fi ìka bo okùn ná. Tiransifọ́mà tuntun tí ó wà ní ìpẹ̀kun wáyà kan ṣoṣo tí ó ti gbó, ẹ̀wù àrán lórí ara tí ń ṣàìsàn ni.

Èkejì, kí okùn kejì má ṣe bá okùn kìn-ín-ní gba orí òpó kan náà, tàbí inú igbó kan náà, bí a bá lè yẹra fún un. Ẹ̀kẹta, kí okùn kejì ní agbára tí yóò fi lè gbé ẹrù àwọn méjèèjì ní ọjọ́ tí èkíní bá já, ó kéré tán ẹrù ilé ìwòsàn àti ti ẹ̀rọ omi. Bí kò bá lè gbé e, àwòrán lásán ni. Ẹ̀kẹrin, kí a fi ìlẹ̀kùn sí ojú ibi tí ìpínlẹ̀ kan ti so mọ́ èkejì, kí a sì so wọ́n mọ́ ara wọn ní tòótọ́. Kí Oǹdó lè ran Èkìtì lọ́wọ́ ní ọjọ́ ìpọ́njú, kí Ọ̀yọ́ lè ran Ọ̀ṣun lọ́wọ́, kí a sì lè pa ilẹ̀kùn dé bí wàhálà bá ń sáré bọ̀.

Ẹ ó ní, owó dà? Mo ti fi ìlú mẹ́wàá ṣe àpẹẹrẹ fún yín. N kò ní kí a sọ gbogbo okùn di méjì. Mo ní kí a wá okùn kẹwàá.

Ọ̀rọ̀ kan ni ó kù, ó sì kan àwa tìkára wa. Ẹgbẹ́ yìí náà, àwọ̀n ni. Bí a bá wo bí a ti ń ṣe é títí di òní, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń kọ̀wé sí olú-ilé, olú-ilé ń kọ̀wé sí ẹ̀ka, ṣùgbọ́n ẹ̀ka kì í kọ̀wé sí ẹ̀ka. Igi ni wá. Bí lẹ́tà bá pẹ́ lórí tábìlì akọ̀wé kan ṣoṣo, ẹ̀ka méjì tí wọn kò ju ogún ibùsọ̀ sí ara wọn kò ní mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹnìkejì wọn. Àwọn baba wa ti mọ irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí: nígbà tí ìlú kọ̀ọ̀kan ń dá dúró, tí ọ̀nà sì dí láàárín wọn, ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi wà nínú ìjà tí kò mú ẹnikẹ́ni lówó lọ́wọ́. Mo bẹ ìgbìmọ̀ pé láti oṣù tí ń bọ̀, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan ẹ̀ka méjì tí ó sún mọ́ ọn, kí wọ́n máa bá ara wọn kọ̀wé, kí wọ́n sì máa bá ara wọn jókòó, láìdúró de àṣẹ.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. A ti gba ọgbọ́n lọ́wọ́ ẹni tí ó ka afárá méje ní ilẹ̀ òkèèrè, a sì ti gbà á lọ́wọ́ àwọn baba wa tí wọ́n ru iyọ̀ gba Oǹdó wá sílé. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọkàn láti lò ó.